Owó Ìgbèríko Lágbègbè Àjàṣẹ́: Oko Ńlá, Kòtò Ẹja, àbí Ọ̀sà?

Láti ìgbà tí Dahomey, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ti gba òmìnira ní 1960, kò sí ìjọba tó jẹ tí kò náwó sórí oko àti omi tó yí Àjàṣẹ́ ká. Àwọn Faransé ti ná tiwọn ṣáájú. Báńkì Àgbáyé ná, Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà ná, IFAD, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fún ìdàgbàsókè iṣẹ́ àgbẹ̀, náà ná, Jàpáànì ò sì gbẹ́yìn. Síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ ọ̀rọ̀ náà dunjú pé ibo ló yẹ kí owó tó kàn wọ̀ kí ará ìgbèríko lè jẹun kánú: ìdáhùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ ó gbọ́, oníkálukú á sì máa bu ẹnu àtẹ́ lu ti ẹnìkejì. Àgbéyẹ̀wò yìí yóò to àwọn ìdáhùn náà sílẹ̀, kí á rí ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lágbára sí àti ibi tó ti mẹ́hẹ.

Ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí à ń wí. Etí ọ̀sà ni Àjàṣẹ́ wà. Ọ̀sà yìí gba ojú omi Totchè lọ bá adágún Nokoué ní ìwọ̀ oòrùn; ní ìlà oòrùn, omi ni wọ́n ń tọ̀ dé Àgbádárìgì àti Èkó. Odò Ouémé, tó gùn tó nǹkan bí 510 kìlómítà, ń ti àríwá bọ̀ wá tú sínú wọn. Tó bá di nǹkan bí oṣù keje, odò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, á ti bo ilẹ̀ rẹrẹ ní Aguégués, Dangbo, Adjohoun àti Bonou. Nígbà tí ọdún bá ń parí lọ, á fà sẹ́yìn, á fi ẹrẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀. Ibi tí wọ́n na àwọ̀n sí lóṣù kẹwàá ni wọ́n ń gbin àgbàdo, ata àti ẹ̀fọ́ sí lóṣù kejìlá. Paul Pélissier, onímọ̀ jọ́gíráfì ará Faransé, kọ odidi ìwé kan lórí agbègbè ìsàlẹ̀ Ouémé yìí ní 1963, ohun tó sì ṣàpèjúwe nígbà náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó ń dá oko ló ń pa ẹja, ilẹ̀ tó ń hu àgbàdo ló ń di odò. Ọ́fíìsì ìjọba ló pín in sí méjì, tí apá kan di ti àgbẹ̀, tí apá kejì di ti apẹja. Púpọ̀ nínú àríyànjiyàn tó wà nílẹ̀ ti ibi ìpín yẹn wá.

Oko ńlá lábẹ́ àṣẹ ìjọba

Ìdáhùn tó pẹ́ jù ni pé oko kéékèèké kò lè gbé ìlú dìde. Kí ìjọba kó ilẹ̀ jọ, kí ó gbin ohun tí ọjà ń fẹ́, kí ó sì kọ́ ilé iṣẹ́ tì í. Ọ̀pẹ ni wọ́n fi dán èyí wò. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pobẹ̀ láti 1922, nítorí náà irúgbìn tó dára kì í ṣe ìṣòro. Ní 1961, ìjọba ṣe òfin tó fún un lágbára láti ya agbègbè kan sọ́tọ̀ fún ìdàgbàsókè, tí ó sì sọ ọ́ di dandan fún àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ láti wọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń jẹ́ SONADER ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́. Onílẹ̀ ní ìpín nítorí ilẹ̀ rẹ̀, òṣìṣẹ́ ní ìpín nítorí iṣẹ́ rẹ̀.

Ká fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Oko ọ̀pẹ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, ilé iṣẹ́ epo rí ẹyìn lò, ẹni tí kò ní ilẹ̀ rárá sì rí iṣẹ́ tó ń mówó wọlé. Àwọn tó ṣì ń gbèjà ọ̀nà yìí lónìí máa ń sọ pé kò sí ilé ìfowópamọ́ tó fẹ́ gbọ́ ti ẹni tó ní ìdajì hẹ́kítà, àti pé ìjọba nìkan ló lè dúró de igi tó máa ń gba ọdún mélòó kan kó tó so.

Àmọ́ ẹjọ́ ilẹ̀ kò tán. Onílẹ̀ tí wọ́n fi òfin mú wọ ẹgbẹ́ kò ka ara rẹ̀ sí ọmọ ẹgbẹ́, ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ló ka ara rẹ̀ sí, àwọn ọmọ sì jogún ìbínú náà mọ́ ilẹ̀. Wọn kò fi ti àwọn obìnrin tó ń fún epo lábúlé sínú ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ẹyìn kan náà tí ilé iṣẹ́ ń wá làwọn náà ń wá. Yàtọ̀ sí èyí, ilẹ̀ òkè ni ọ̀pẹ bá mu, ìyẹn ìhà Pobẹ̀ àti Sákẹ́tẹ́. Ará Aguégués tí ilé rẹ̀ dúró lórí òpó láàárín omi kò rí nǹkan kan gbámú nínú rẹ̀.

Ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń fi ọ̀nà yìí sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Láti 1975 ni àwọn ilé iṣẹ́ CARDER ti ń darí iṣẹ́ ìgbèríko. Lẹ́yìn 2016, ìjọba Patrice Talon ká wọn kúrò, ó sì fi àjọ ATDA méje rọ́pò wọn. Ẹkùn Ouémé bọ́ sí ìpín keje pẹ̀lú Atlantique, Littoral àti Mono. Iṣẹ́ àjọ tuntun náà ni kó tọ́ irè oko kọ̀ọ̀kan láti orí irúgbìn títí dé ọjà, kì í ṣe kó máa dáko fúnra rẹ̀.

Songhaï: oko tó ń bọ́ ara rẹ̀

Ìdáhùn kejì ní ibùdó tó ṣeé fojú rí láàárín Àjàṣẹ́ gan-an, ní Ouando. Ní 1985, Godfrey Nzamujo, àlùfáà ẹgbẹ́ Dominican tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ ibùdó Songhaï lórí hẹ́kítà ilẹ̀ kan tó ti gbó. Èrò rẹ̀ ni pé ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù lówó tó ń wá kiri.

Ó dáa ká wo bó ṣe ń yí po. Ìgbẹ́ màlúù, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìyẹ wọ inú àgbá ńlá tí wọ́n dé pa. Gáàsì tó bá jáde níbẹ̀ ni wọ́n fi ń dáná. Ohun tó bá ṣẹ́kù nínú àgbá di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́. Wọ́n á kó ìfun ẹran àti pàǹtí ilé ìpẹran síbi tí eṣinṣin á ti yé ẹyin lé e. Láìpẹ́ á di ìdin, ìdin á di oúnjẹ àrọ̀ àti adìyẹ. Omi kòtò ẹja tó ti dọ̀tí ni wọ́n ń bù rin ẹ̀fọ́, nítorí ìgbẹ́ ẹja wà nínú rẹ̀. Ọ̀dọ́ tó bá wá kọ́ṣẹ́ á lo nǹkan bí oṣù méjìdínlógún níbẹ̀. Songhaï ti ní ẹ̀ka ní Savalou àti Parakou, ó ti dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sì kéde rẹ̀ ní 2008 gẹ́gẹ́ bí ibùdó àwòkọ́ṣe.

Agbára ọ̀nà yìí hàn kedere. Ó dín ohun tí àgbẹ̀ ń rà láti òkèèrè kù, ó so oko mọ́ ẹja bí afonífojì Ouémé ṣe so wọ́n pọ̀ látọjọ́ aláyé ti dáyé, ó sì ń kọ́ni bí a ti ń ta ọjà, kì í ṣe bí a ti ń gbìn nìkan. Àwọn tó ń ta kò ó kì í bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ jà. Ohun tí wọ́n ń bi í ni pé: ọmọ tó bá parí ńkọ́? Ibùdó náà ní ọrẹ àti ìrànwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní ilé ìtajà tirẹ̀, ó sì wà láàárín ìlú tí oníbàárà pọ̀ sí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó padà sí Bonou kò ní ìkankan nínú wọn. Mo gbà pé ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó nìyí. Ọmọ náà á dé pẹ̀lú ìmọ̀ kòtò ẹja, á sì bá ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹbí, tí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní ẹnu ọ̀rọ̀ lé lórí. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tó lè bá a yanjú ìyẹn.

Ọ̀sà gbangba àbí ọ̀sà ẹlẹ́ni

Kò sí ibi tí ìjà ti le tó ti acadja. Ẹni tó bá ti gba ojú omi Nokoué tàbí ọ̀sà Àjàṣẹ́ kọjá ti rí i rí: ẹ̀ka igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀ nínú omi tí kò jìn, tí orí wọn yọ sókè bí igbó tí iná jó. Nǹkan yíyọ̀ tí ojú lásán kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rí á hù lára igi náà, ẹpìyà á wá jẹ ẹ́, á rí ibi sá pamọ́ sí, á sì bí sí i níbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, olówó rẹ̀ á fi àwọ̀n yí i ká, wọ́n á fa igi yọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sún àwọ̀n mọ́ra, wọ́n á kó ẹja. Robin Welcomme, tó wọn èso rẹ̀ tó sì tẹ̀wé lé e lórí ní 1972, fi hàn pé ẹja tó ń jáde nínú hẹ́kítà acadja kan pọ̀ ju ti omi gbangba lọ fíìfíì. Ní Côte d'Ivoire, àwọn onímọ̀ tún un ṣe ní àwọn ọdún 1980: wọ́n fi àwọ̀n yí i ká láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì lo ọparun dípò ẹ̀ka igi.

Àwọn tó fara mọ́ ọn ní ìdí. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn baba ńlá ni, kò gba oúnjẹ ẹja, kò gba iná mànàmáná, ó sì ń bí ẹja níbi tí wọ́n ti pa á tán. Bí wọ́n bá ní kí á dókòwò sínú ẹja sísìn, wọ́n á ní ṣé èyí tó wà nílẹ̀ kì í ṣe ẹja sísìn ni?

Ẹ̀sùn àwọn alátakò náà wúwo. Igi tó ń wọ inú acadja lọ́dọọdún ń jẹ igbó run, títí kan igi ẹ̀gbà etí omi. Igi tó jẹrà ń mú kí ẹrẹ̀ jókòó, adágún ń dín kù. Èyí tó wá dun àwọn apẹja aláwọ̀n jù ni pé ẹni tó lówó igi àti òṣìṣẹ́ ló ń ní acadja tó tóbi. Bó ṣe ń fẹ̀ ni omi tí gbogbo ayé ń pa ẹja nínú rẹ̀ ń dín kù. Ìjà ti wáyé lórí rẹ̀ kí òmìnira tó dé, ó sì ń wáyé títí dòní. Ìjọba ti fòfin dè é léraléra, òfin ẹja pípa àti ẹja sísìn ti 2014 sì wà nílẹ̀. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, àṣẹ ti jáde pé kí wọ́n hú u kúrò. Ètò PADPPA, tí IFAD àti Báńkì Ìdàgbàsókè Áfíríkà náwó lé láti 2003, gba ọ̀nà míràn: wọ́n fẹ́ kí abúlé kọ̀ọ̀kan dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n fúnra wọn ṣọ́ omi, kí a sì wá iṣẹ́ míràn fún ẹni tó bá fi ẹja pípa sílẹ̀.

Nínú afonífojì, ohun mìíràn wà tó jọ ọ́ tí kì í fa ariwo tó bẹ́ẹ̀. Whedo ni wọ́n ń pè é: kòtò gígùn tí ìdílé gbẹ́ sí ilẹ̀ àkúrọ̀. Nígbà ìkún omi, ẹja á wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Tí omi bá fà, àrọ̀ àtàwọn ẹja tó lè fara da omi díẹ̀ á há sínú rẹ̀, wọ́n á sì kó wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀. Gbogbo abúlé mọ ẹni tó ni ín. Bóyá nítorí náà ni ìjà rẹ̀ kò fi pọ̀. Àìlera rẹ̀ ni pé ohun tí odò bá mú wá ni yóò rí. Lọ́dún tí omi kò kún dáadáa, kòtò á ṣófo.

Kòtò ẹja ìgbàlódé

Àwọn kan ní kí a fi ọ̀sà sílẹ̀ kó sinmi, kí a gbẹ́ kòtò sórí ilẹ̀, kí a sin ẹpìyà àti àrọ̀. Jàpáànì ran ìjọba lọ́wọ́ nípa ètò ProVAC láti 2010: wọ́n kọ́ àgbẹ̀ díẹ̀ dáadáa, àwọn yẹn sì ń kọ́ aládùúgbò wọn. Ọ̀nà yìí dára, ó sì rọ́wọ́ mú ju kí a máa rán òṣìṣẹ́ ìjọba kiri. Ilé ẹ̀kọ́ ẹja sísìn ti Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ náà wà ní Adjohoun. Ohun tó ń dá wọn dúró kò ju ọ̀kan lọ: oúnjẹ ẹja. Òun ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí asinja ń ná, ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ń ti òkèèrè wá. Ìdin Songhaï wúlò níbí, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìwọ̀n tí yóò lé oúnjẹ òkèèrè kúrò lọ́jà.

Ẹnubodè ló ń pa owó tàbí bí i

Àwọn oníṣòwò ní tiwọn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kòtò. Wọ́n ní bí àgbẹ̀ bá gbìn tán tí kò rí tà, òfò ni. Ẹja inú yìnyín, títí kan èyí tí ará Nàìjíríà ń pè ní òkú Èkó, ń gba èbúté Kútọnu wọlé ní tọ́nù lọ́pọ̀lọpọ̀. Apá kan rẹ̀ wà fún ọbẹ̀ ará Bẹ̀nẹ̀, apá kan á gba ibodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá sí Nàìjíríà, bí ìrẹsì náà ti ń ṣe. Owó orí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ń gbé àpò ìjọba ró.

Ibi tí èrò ti pínyà nìyí. Àwọn kan fẹ́ kí a gbé owó ibodè lé ẹja òkèèrè kí ẹja kòtò lè rí ẹsẹ̀ dúró. Àwọn kejì ní tálákà ìlú ló ń jẹ ẹja olówó pọ́ọ́kú yẹn, àti pé ẹni tó bá gbé e lówó ń gbà á lẹ́nu ọmọ. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ní òtítọ́ nínú. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2019 tún iná dá sí i: Nàìjíríà ti ibodè rẹ̀ pa, kò sì ṣí i padà títí di oṣù kejìlá 2020. Tòmátì àti ọ̀pẹ̀yìnbó jẹrà mọ́ àwọn àgbẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ń ṣírò owó oko lágbègbè Àjàṣẹ́ láìfi àṣẹ Àbújá sí i kò tíì ṣírò.

Ìdáhùn ìjọba ni pé kí wọ́n máa ṣe ọjà náà tán nílé kó tó jáde. Ilé iṣẹ́ ńláńlá ti ń dìde ní Glo-Djigbé, láti oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n sì ti fòfin de kíkó kajú tútù lọ sókè òkun. Ètò tó dára fún òwú àti kajú ti àríwá àti àárín gbùngbùn. Ní ti ẹja ọ̀sà, àwọn tó ń ṣe é lọ́jà ni obìnrin tó ń yan ẹja lórí ààrò, tí èéfín ń wọ̀ lójú. Ààrò Chorkor, tí wọ́n ṣe ní Gánà, ń jẹ igi díẹ̀, èéfín rẹ̀ kò sì pọ̀ tó ti ìbílẹ̀. Iye rẹ̀ kò tó nǹkan níwájú ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo, ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ kì í bá ìwé ìròyìn lára mu.

Kòkòrò kan tó san owó rẹ̀ padà

Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ẹ̀rí tiwọn, òun ló sì yà mí lẹ́nu jù nínú gbogbo ìtàn yìí. Ní òpin àwọn ọdún 1970, koríko ojú omi kan tó ń yọ òdòdó àlùkò, tí ilẹ̀ rẹ̀ gan-an jẹ́ Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ omi gúúsù Bẹ̀nẹ̀. Ó bo ojú odò pátápátá. Ọkọ̀ kò ríbi kọjá, àwọ̀n kò ríbi wọlẹ̀, ẹja kò rí afẹ́fẹ́ mí. Láti 1991, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ IITA tó wà ní Abomey-Calavi bẹ̀rẹ̀ sí í tú kòkòrò kéékèèké tí kì í jẹ ohun mìíràn ju koríko yìí sílẹ̀.

Ní 1999, àwọn olùwádìí lọ bá agbo ilé 365 ní abúlé 24. Ìṣirò wọn ni pé nígbà tí koríko náà gbilẹ̀ jù, ó ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 84 dọ́là lọ́wọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́dún, àti pé kòkòrò náà dá nǹkan bí mílíọ̀nù 30.5 padà fún wọn lọ́dún. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ná ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lé díẹ̀ lọ. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé èrè rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 124 owó tó wọlé.

Ká má sì tan ara wa. Ìrántí àwọn ará abúlé ni púpọ̀ nínú ìṣirò yẹn gbára lé. Iyọ̀ náà kó ipa tirẹ̀: láti ìgbà tí àwọn Faransé ti la ẹnu omi Kútọnu sí òkun ní 1885, omi òkun ń wọ Nokoué nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, koríko náà kò sì lè fara da iyọ̀. Koríko kò tíì tán, nítorí ìdọ̀tí tó ń ti ìlú wọ odò ń bọ́ ọ. Pẹ̀lú gbogbo èyí, n kò mọ owó oko kankan lágbègbè yìí tó so èso tó báyìí. Àmọ́ mínísítà wo ni yóò gé rìbọ́ọ̀nù níwájú kòkòrò?

Owó yíyá àti ìwé ilẹ̀

Lórí owó yíyá àti ìwé ilẹ̀, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. Ìjọba Yayi Boni bẹ̀rẹ̀ owó yíyá kékeré fún àwọn aláìní ní 2007, 30,000 fáráǹkì ní ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tí wọ́n pè ní Àlàáfíà tẹ̀lé e ní 2020. Ó bá alájàpá mu, nítorí ọjà rẹ̀ ń yí lójoojúmọ́. Àgbẹ̀ afonífojì tí owó rẹ̀ ń wọlé lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún kò lè san án lóṣooṣù láìtún yá níbòmíràn. Àwọn obìnrin tó ń dá àjọ láàárín ara wọn mọ èyí dáadáa.

Ní ti ilẹ̀, òfin ilẹ̀ ti 2013 àti àwòrán ilẹ̀ abúlé tí wọ́n ti ń ṣe ṣáájú rẹ̀ ní ẹ̀rí tó ṣeé gbà: níbi tí wọ́n ti fi ààlà sílẹ̀ kedere, àwọn ènìyàn gbin igi tó ń pẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni àwòrán yẹn mọ̀. Òfin ka odò, adágún àti ọ̀sà sí ohun ìní gbogbo ìlú, whedo sì jẹ́ ti ìdílé. Nígbà tí omi bá bo ilẹ̀ ìdílé fún oṣù mẹ́ta, ta ló ni ín?

Ohun tí kò tíì yanjú

Ìbéèrè ẹni tó ni ilẹ̀ nígbà tí omi bá bò ó gan-an ló wà lókè. Kò sí ìdáhùn kan nínú àwọn tí a tò sílẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́ láìkọ́kọ́ bá a pàdé. Hú acadja kúrò láìsọ ẹni tí yóò máa ṣọ́ omi, ẹlòmíràn á tún rì í. Gbẹ́ kòtò ẹja sí ilẹ̀ tí ẹbí ń jà lé lórí, kòtò náà á di ẹjọ́.

Ìkejì ni omi fúnra rẹ̀. Ìkún omi 2010 kan nǹkan bí 680,000 ènìyàn ní Bẹ̀nẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ 55 lára 77. Àwọn kan fẹ́ kí a kọ́ ìdènà sí Ouémé. Àwọn mìíràn ní ìdènà náà á pa ẹrẹ̀ ọlọ́ràá àti whedo run. Àríyànjiyàn méjèèjì ṣì wà lórí tábìlì.

Ìkẹta ni iye owó. Àwọn olórí Áfíríkà ṣèlérí ní Maputo ní 2003 pé ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ìlú á wọ iṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n tún un sọ ní Malabo ní 2014, wọ́n sì tún padà sórí ọ̀rọ̀ náà ní Kampala ní 2025. Ìlérí yẹn sọ iye, kò sọ ibi.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ní Àjàṣẹ́, ní ìgbìmọ̀ ìlú, ní àwùjọ ẹgbẹ́ apẹja àti ti àgbẹ̀: nígbà tí ètò tuntun bá tún dé pẹ̀lú owó rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ ní kí wọ́n mú ọ́fíìsì àgbẹ̀, ti ẹja, ti ilẹ̀ àti ti omi jókòó pọ̀ pẹ̀lú àwọn olórí ìdílé afonífojì, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni ilẹ̀ náà nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti nígbà ìkún omi, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé owó.